Ìwé Gbèsè Tó Bá Wa Ti Kùmásì Dé

Ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí páànù tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì ni. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, eku sì ti jẹ igun kan. Ọwọ́ bàbá mi ló kún inú rẹ̀: "Ìyá ẹlẹ́ja, sídì kan àti péséwà ogún. Télọ̀ ọ̀nà reluwé, sídì mẹ́ta. Ìyàwó sójà, ọṣẹ àti ṣúgà, péséwà márùndínlógójì." Ojú ewé mọ́kànlá ló kún báyìí. Nínú gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀, méjì péré la fi ìlà pa. Bàbá mi ló fa ìlà kan, èmi ni mo fa èkejì, ọdún mẹ́tàlá ló sì wà láàárín wọn.

Ẹni tí kò mọ ìtàn Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ lè pè é ní ìwé gbèsè lásán. Lójú tèmi, inú rẹ̀ ni ìtàn bí àwọn ènìyàn wa ṣe lọ gbé Gáná wà, bí wọ́n ṣe jẹ, bí wọ́n ṣe mu, àti bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Kùmásì ni wọ́n bí mi sí ní 1957, ọdún tí Gold Coast gba òmìnira tó di Gáná. Kí wọ́n bí ọmọ Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ sí Kùmásì kì í ṣe nǹkan bàbàrà nígbà náà. Agbo ilé tí kò ní ènìyàn kankan ní Gáná ò wọ́pọ̀ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gáná ka ènìyàn ní 1960, Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100,000, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn tó wà nílẹ̀ náà kò tó mílíọ̀nù méje.

Obì wà lára ohun tó kọ́kọ́ fa àwọn baba wa lọ sọ́nà ibẹ̀. Obì tí à ń pè ní gbàǹja, orúkọ ilẹ̀ Gonja ló ń jẹ́, ilẹ̀ tí ọjà Salaga wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra obì tó ti inú igbó Àṣáńtí wá. A ti ń fi orúkọ ilẹ̀ náà pín obì níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ pé ilẹ̀ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ni: Ṣakí, Parakou, Djougou, Sansanné-Mango, Yendi. Aṣọ òfì ni wọ́n ń rù lọ, obì ni wọ́n ń rù bọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe olè ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù lójú ọ̀nà yẹn, bí kò ṣe òǹgbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹni tó ru ẹrù aṣọ kò lè tún ru omi.

Nígbà tí òyìnbó jókòó tán sórí ilẹ̀ méjèèjì, ọ̀nà yí padà. Ọkọ̀ ojú irin ti Sekondi wọ Kùmásì ní 1903. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ọ̀fà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wúrà ń jáde ní Obuasi àti Tarkwa, kòkó ń so nínú igbó Àṣáńtí, ọwọ́ àgbẹ̀ àti awakùsà sì kún fún owó tó ń wá ohun tí yóò rà. Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Láti 1912 ni ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣe owó kan ṣoṣo fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè tí wọ́n ń ná ní Kùmásì ni ṣílè tí wọ́n ń ná ní ọjà Tákíè ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Ọba òyìnbó kan náà ni orí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbéra láti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ lọ sí Kùmásì ò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ọjà tó jìn ló lọ ná. Èrò yìí ló là wá, òun náà ló sì kó bá wa.

Bàbá mi lọ ní 1946. Àbúrò bàbá wọn tó ń ta abọ́ tánganran àti fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kejetia ní Kùmásì ló mú wọn lọ. Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi fi sìn láìgba kọ́bọ̀ owó oṣù. Oúnjẹ, ibi tí wọ́n ń sùn àti aṣọ ọdún ni tiwọn. Nígbà tí ọdún kẹfà pé, wọ́n pe àwọn àgbà Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ tó wà ní Kùmásì jọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì yọ ọjà fún bàbá mi pé kí wọ́n lọ dá dúró. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n a mú àbúrò lọ, àbúrò a padà wá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n, títí agbo ilé kan yóò fi gba ìlà ìsọ̀ kan. Bí o bá ń rìn nínú ọjà Kùmásì, èdè Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ni wàá gbọ́ ní ìlà kan. Bí o bá yà sọ́tùn-ún, ó di ti Ọ̀fà.

Ìyá mi dé ní 1953, ìyàwó tuntun. Nílẹ̀ Yorùbá, ọkọ kì í pa owó òwò pọ̀ mọ́ ti ìyàwó. Bàbá mi fún wọn ní pọ́n-ùn mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n lọ fi bẹ̀rẹ̀, àtẹ orí sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra páálí ṣúgà onígun kan, wọ́n á tú u, wọ́n á tò ó ní mẹ́ta mẹ́ta. Sìgá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òwú ìránṣọ, apá kan. Epo òyìnbó, ìdajì ìgò. Alata ni àwọn Àṣáńtí ń pè wá, wọ́n sì ń pe irú ìyá mi ní Mami Alata, obìnrin tí kò sí bí owó ọwọ́ rẹ ti kéré tó tí kò ní í rí nǹkan tà fún ọ. Orúkọ yẹn ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn wa. Alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Gáná títí dòní. Susu ni wọ́n ń pe àjọ tí wọ́n ń dá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé èésú wa ni.

Àwìn ló so wá pọ̀ mọ́ wọn. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ á gba ṣúgà àti ọṣẹ láàárọ̀, á san owó rẹ̀ bí ọjà bá tú. Ìyàwó olóko kòkó á gba abọ́ àti aṣọ, á ní ó di ìgbà tí kòkó bá jáde. Ẹni tí kò bá tà láwìn ní Kùmásì ò lè tajà. Bàbá mi a máa kọ ọ́ sínú ìwé lálaalẹ́ lábẹ́ fìtílà, ìyá mi á máa rán wọn létí, nítorí ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà lórí wọn ní péséwà péséwà.

Owó tó bá kù lẹ́yìn oúnjẹ àti ọjà, ilé ló ń lọ. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, àwọn ènìyàn wa sì gba òwe yìí gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Bàbá mi kò ra ilẹ̀ kankan ní Kùmásì rí. Yàrá méjì la yá ní àdúgbò Asawase, ọmọ márùn-ún, pẹ̀lú àbúrò bàbá mi méjì tó ń kọ́ òwò. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, bàbá mi ń kọ́ ilé alájà kan tó ní yàrá mẹ́jọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, owó símẹ́ńtì á tẹ̀ lé e. Bí òmíràn bá ń bọ̀, ìròyìn á tẹ̀ lé e pé wọ́n ti kan páànù, tàbí pé bíríkìlà ti jẹ owó. Nígbà tí ilé parí, kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀. Ìyá bàbá mi nìkan ló ń sùn ní yàrá kan nísàlẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá wo Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ìgbà yẹn, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, fèrèsé títì, ògiri funfun, tí onílé wà ní Kùmásì, Tamale tàbí Accra nínú yàrá kan tí wọ́n fi kọ́tìnì pín sí méjì.

A mú ilé dání lọ sọ́hùn-ún náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń sin òkú. Àwọn oníṣòwò Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gáná, Yorùbá la sì fi ń kọrin níbẹ̀. Èmi gbọ́ Twi, èdè àwọn Àṣáńtí, dáadáa nítorí àwọn ọmọ àdúgbò ni mò ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú ilé, wọ́n á ní, "Ọjà ni kí o lọ sọ ìyẹn." Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn alábàágbé wa. Wọ́n rí wa bí ẹni tó ń jẹun nínú abọ́ wọn, tó sì ń ru àjẹkù lọ sílé. Ẹni tó bá ka iye owó símẹ́ńtì tó gba ọwọ́ bàbá mi kọjá kò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni.

Àmì ti hàn tipẹ́. Ní 1957 tí wọ́n bí mi, kò pẹ́ sí òmìnira tí ìjọba Nkrumah, olórí Gáná, fi lé Amadu Baba àti Larden Lalemi, àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ní Kùmásì, wá sí Kánò. Kété lẹ́yìn òmìnira ni owó wa pínyà: Gáná ṣe pọ́n-ùn tirẹ̀, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀, nígbà tó sì di 1965, Gáná bọ́ sórí sídì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1961 kò jẹ́ kí ènìyàn fi owó ránṣẹ́ síta bó ti wù ú mọ́. Owó símẹ́ńtì bàbá mi wá di ohun tí à ń fi pamọ́ sínú ìránpọ̀ aṣọ. Ní 1963, wọ́n ṣe òfin àjèjì tó ní kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gáná gba ìwé ìgbélùú. Mélòó nínú wa ló lọ gbà á? Bàbá mi ò gbà á. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní ta ló ń gba ìwé kó tó lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah lọ ní 1966, iṣẹ́ ò rí mú fún àwọn ọ̀dọ́ Gáná, ọjà sì gbówó lórí. Ẹni tí ebi ń pa á máa wo ẹni tó jókòó ti ọjà. Kofi Busia wọlé ìbò ní 1969, kò sì tíì tó oṣù mẹ́ta lórí àga nígbà tí àṣẹ jáde. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ni: àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ó gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Orí rédíò aládùúgbò la ti gbọ́ ọ. Bàbá mi ní wọn ò lè ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé, ìlà náà sì ti yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tajà ní ìdajì iye rẹ̀, ní ọjọ́ kẹjọ, ìdá mẹ́rin. Máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi bá owó tí kò ra ìṣù iṣu mẹ́wàá lọ. Àwọn tó ń rà á mọ̀ pé bí àwọn bá dúró di ọ̀la, yóò tún wálẹ̀.

Àwọn tó jẹ wá lówó ńkọ́? Ìyá mi ń gbé ìwé káàkiri, èmi ni mò ń kà á fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò sá. Wọ́n kàn ní kí a padà wá lọ́la, ojú wa àti ojú wọn sì mọ̀ pé ọ̀la ń tán lọ. Ẹ má ṣe rò pé èmi ń bínú sí wọn lónìí. Bí ìjọba bá sọ fún ọ pé ẹni tí o jẹ lówó yóò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkàn rẹ ni yóò dá ọ lẹ́jọ́, kò sí ẹlòmíràn.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a gbéra, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin Àṣáńtí tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá mi ni. Sídì mẹ́rin àti péséwà mẹ́wàá ló jẹ, ó sì kà á sílẹ̀ lórí àpótí. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tì í pé ká máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Ìyá mi ní kí ló dé tó fi ń fi òru rìn. Ó ní òun ò fẹ́ kí gbèsè bá òun sùn nílé lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti lọ. Bàbá mi mú bíró, wọ́n fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́rì tí a wọ̀ kó agbo ilé mẹ́rin. Kùmásì sí Accra, a kọjá afárá odò Volta ní Sogakope lóru, a bá èrò bí eṣú ní Aflao. Lomé, Kutonu, Àjàṣẹ́, Ìdíìrókò. Ìyá mi jókòó lé àpótí páànù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a wọ Nàìjíríà, mo rò pé a ti délé, ṣùgbọ́n ilé tí a dé ò fara rọ. Ogun abẹ́lé ò tíì parí. Nínú ọdún yẹn kan náà, nígbà ìjà owó orí tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ń jà, wọ́n ti pa Ṣọ̀ún Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ la kó ọmọ àti ẹrù wọ̀.

Ilé alájà kan yẹn ló gbà wá. A lé ewúrẹ́ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá mẹ́jọ tí bàbá mi kọ́ fún iyì, ó di ti ìdílé mẹ́fà, nítorí àwọn àbúrò tí kò tíì kọ́lé náà ti Gáná dé. Ohun tí wọ́n fi bá wa wí lọ́hùn-ún, pé a ń kó owó wọn lọ sílé, òun ni kò jẹ́ ká sùn sí gbangba. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè wọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn lórí òṣùwọ̀n kan náà. Mo kàn mọ̀ pé òtítọ́ ni méjèèjì.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè mí ní Ọmọ Gáná, wọ́n ń sín Yorùbá mi jẹ. Àwọn kan nínú wa gba oko lọ, àwọn kan gba Jọ́ọ̀sì lọ. Àwọn Èjìgbò ní tiwọn túbọ̀ kọjú sí Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Anango. Títí di òní, èèyàn lè gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ Èjìgbò ní àárín ìlú Èjìgbò. Ní Gáná, wọ́n tún ṣe òfin ní 1970 tó fi òwò wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wá alágbàṣe tì, nítorí kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni àṣẹ Busia kó lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọjà ò gba bàbá mi mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá mi ló tún gbé àtẹ, ní Tákíè, ṣúgà mẹ́ta mẹ́ta.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, àwọn ọmọ Gáná bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wa: tíṣà, ṣọbàtàṣọbàtà, bíríkìlà. Inú ìyá mi dùn láti rí ẹni tí wọ́n á bá sọ Twi. Bíríkìlà kan ń ra búrẹ́dì àti sàdíìnì láwìn lọ́wọ́ wọn, ó ń san án ní ìparí oṣù. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àpò onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní, àwọn ọmọdé tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò sì mọ̀ pé ènìyàn ló kọ́kọ́ wà nínú orúkọ náà.

Bíríkìlà náà wá lálẹ́. Náírà mọ́kànlá ló jẹ, ó sì kà á pé. Ìyá mi gba owó náà, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì bí oníṣòwò ṣe máa ń kà á. Wọ́n di gààrì àti búrẹ́dì fún un, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà Ìdíìrókò jìn." Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní kí n lọ gbé ìwé Kùmásì wá. Mo ní inú ìwé tuntun ni orúkọ rẹ̀ wà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Kí n kọ ọ́ sábẹ́ ti onítòmátì, kí n sì fa ìlà sí i. Ìlà kejì nìyẹn.

Ìyá mi ti lọ, bàbá mi ti ṣáájú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó yí ìwé náà padà wò dáadáa. Bàbá mi a máa kọ ìwé láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Iwájú ni orúkọ àwọn tó jẹ wá. Ẹ̀yìn ni orúkọ àwọn tí a jẹ: ará Síríà aláṣọ, sídì méjìlélógún, onílé Asawase, owó ilé oṣù méjì, ẹlẹ́ran, sídì márùn-ún. Àwọn náà pọ̀, ojú ewé mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.